Pátákó ìyá inú kọ̀ǹpútà: bí àtúnṣe rẹ̀ ṣe kúrò nílé, àti ohun tó ṣì kù sí wa lọ́wọ́

Ìtàn tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ìtàn ọba, kì í sì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn ohun kan tó wà nínú ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba ènìyàn ló ti fojú rí i: pátákó aláwọ̀ ewé tàbí dúdú tó wà nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká. Àwọn Faransé ń pè é ní carte mère, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní motherboard. Ìyá ni àwọn méjèèjì pè é, orúkọ náà sì bá a mu. Gbogbo ohun tó kù nínú ẹ̀rọ náà, ara rẹ̀ ni wọ́n so mọ́.

Nígbà tí pátákó yìí bá ṣàìsàn, gbólóhùn kan la sábà máa ń gbọ́: «Carte mère ló kú, ẹ lọ ra òmíràn.» Ẹni tó lówó á ra òmíràn. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí mémoire rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ náà ńkọ́? Ìyá ọlọ́jà tó kó gbogbo ìṣirò gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ sínú rẹ̀ ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ó yẹ ká mọ ìtàn pátákó yìí. Nítorí tí a bá wo ìtàn náà dáadáa, a ó rí i pé inú ilé gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Kí ló wá mú un kúrò nílé?

Kí pátákó tó dé

Ní ayé àwọn bàbá wa, rédíò onílámpù ló wà. Ẹni tó bá ṣí i á rí wáyà tó lọ́ mọ́ra wọn bí itakùn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń so ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Iṣẹ́ náà ń pẹ́, wọ́n sì máa ń ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n àǹfààní kan wà níbẹ̀: ojú lásán lè rí ibi tí ohun kan ti já. Ẹni tó bá ní irin ìjó, tó sì ní sùúrù, lè tún un ṣe lórí tábìlì ilé rẹ̀.

Ẹni tó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni Paul Eisler. Ọmọ Júù ni, ìlú Vienna ní Austria ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1907. Nígbà tí ìkórìíra àwọn Júù ń gbilẹ̀, ó kó lọ sí London ní 1936. Kò ní ilé iṣẹ́, kò sì ní ọ̀gá tó ń sanwó fún un. Inú yàrá tó ń gbé ní Hampstead ló ti ṣe rédíò kan tí kò ní itakùn wáyà nínú. Ohun tó ṣe rèé: ó lẹ bàbà pẹlẹbẹ mọ́ ojú pátákó, ó ya ọ̀nà tí iná máa gbà sórí rẹ̀, ó sì fi oògùn jẹ bàbà tó kù dànù. Àwọn ọ̀nà tó yà nìkan ló ṣẹ́ kù. Wáyà di àwòrán.

Ẹ jẹ́ mọ̀ pé wọn kò tètè gbà á. Ilé iṣẹ́ kan ní Ìlú Ọba sọ fún un pé àwọn ọmọbìnrin tó ń fi ọwọ́ so wáyà kò náwó púpọ̀, pé kí ni wọ́n fẹ́ fi pátákó ṣe. Ogun ló sọ ọ́ di ohun tí ayé ń wá. Ó béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ ní 1943, àwọn ará Amẹ́ríkà sì lo irú pátákó bẹ́ẹ̀ nínú ohun kékeré tó ń mú kí ọta ìbọn ńlá bú nígbà tó bá súnmọ́ ọkọ̀ òfurufú. Pátákó náà kò bẹ̀rù ìjìnnìjìnnì bíi ti wáyà. Lẹ́yìn ogun, ní 1948, Amẹ́ríkà yọ̀ǹda kí àwọn oníṣòwò máa lò ó.

Ní àkókò kan náà, ní oṣù Kejìlá 1947, àwọn onímọ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ṣe transistor àkọ́kọ́. Ó rọ́pò lámpù tó máa ń gbóná tó sì máa ń jó. Ní 1958 Jack Kilby, ní 1959 Robert Noyce, wọ́n rí ọ̀nà láti kó ọ̀pọ̀ transistor jọ sínú ègé kan ṣoṣo. Ohun tí à ń pè ní puce nìyẹn: kì í ṣe puce tí à ń ki bọ tẹlifóònù nìkan, ègé dúdú ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tó wà lórí gbogbo pátákó ni mo ń wí. Pátákó, transistor, puce: nígbà tí àwọn mẹ́ta yìí pàdé, kọ̀ǹpútà kékeré kò jìnnà mọ́.

Ìgbà tí pátákó wà nínú ilé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Amẹ́ríkà nìkan ló ni ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n Faransé wà níbẹ̀ ṣáájú. INRA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Faransé, ń wá ẹ̀rọ tó lè máa ṣe ìṣirò omi tó ń lọ sókè láti inú ilẹ̀ àti ara ohun ọ̀gbìn. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà ti wọ́n jù fún wọn. François Gernelle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ R2E, tí André Truong, ọmọ Vietnam, dá sílẹ̀, wá ṣe ẹ̀rọ Micral N. Wọ́n fà á lé àwọn oníbàárà wọn lọ́wọ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1973. Owó rẹ̀ jẹ́ 8 500 francs ti Faransé. Omi oko ló bí i.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1975, Altair 8800 jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá rà á lè gba àpò pátákó, puce àti àwọn ègé kéékèèké, kí ó sì fúnra rẹ̀ jó wọn mọ́ra nílé. Ní 1976, Steve Wozniak àti Steve Jobs ta Apple I ní dọ́là 666,66. Kí ni oníbàárà ń gbà? Pátákó lásán ni! Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá àpótí, yóò wá bọ́tìnnì ìkọ̀wé, yóò wá iná tí yóò gbé e. Ẹ rí i pé ní ayé náà, kò sí ẹni tó máa béèrè bóyá ènìyàn lè fọwọ́ kan carte mère nílé. Bí ènìyàn kò bá fọwọ́ kàn án, kò ní kọ̀ǹpútà nìyẹn.

Ní oṣù Kẹjọ 1981, IBM gbé PC tirẹ̀ jáde. Ohun kan tí IBM ṣe wà tó yẹ ká rántí: wọ́n tẹ ìwé kan tó ṣàlàyé ẹ̀rọ náà, wọ́n sì ya gbogbo schéma pátákó náà sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ra ìwé náà lè mọ ibi tí iná ti wọlé, ibi tó gbà, àti ibi tó dé. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn wo ọ̀nà yẹn, wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó bá a mu. Àwọn dépanneur káàkiri ayé sì jàǹfààní rẹ̀: ẹni tó bá mọ pátákó kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ èyí tó kù.

Bí ó ṣe bọ́ lọ́wọ́ wa

Nǹkan mẹ́ta ló gba pátákó náà kúrò lórí tábìlì ilé.

Àkọ́kọ́ ni ìkéré. Osborne 1, tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpútà tó ṣeé gbé kiri ní 1981, wúwo tó nǹkan bíi kílò 11. Ẹni tó bá gbé e kiri ìlú á sùn dáadáa lálẹ́! Nígbà tí Toshiba gbé T1100 jáde ní 1985, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi kílò 4. Kí ó lè fúyẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ègé inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré. Tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ègé kọ̀ọ̀kan ń gba inú ihò kọjá sí òdìkejì pátákó. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú pátákó láìsí ihò. Condensateur mìíràn kò tó hóró ọkà bàbà. Ìpele bàbà tó wà nínú pátákó di mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́jọ, ojú kò sì lè rí ti àárín. Àwọn puce ńlá kò tún ní ẹsẹ̀ mọ́: bọ́ọ̀lù kéékèèké ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló wà lábẹ́ wọn, níbi tí irin ìjó kò lè dé.

Ìkejì ni òjé. Láti ìgbà rédíò ni wọ́n ti ń fi àdàlù òjé àti tánganran jó ègé mọ́ pátákó. Àdàlù tó dára jù ń yọ́ ní 183°C, kò le, ó sì ń dán bí fàdákà. Ṣùgbọ́n májèlé ni òjé. Tí ẹ̀rọ bá kú tí wọ́n jù ú sórí ààtàn, òjé á wọ ilẹ̀, á wọ omi, ó sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí náà European Union ṣe òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2006: kò gbọ́dọ̀ sí òjé nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ oníná tuntun. Gbogbo ayé tẹ̀lé wọn, nítorí kò sí ilé iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe oríṣi méjì. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n àdàlù tuntun náà, tánganran pẹ̀lú fàdákà àti bàbà díẹ̀, kì í yọ́ títí yóò fi tó nǹkan bíi 217°C. Irin ìjó olówó pọ́ọ́kú tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kò tó o mọ́. Ẹni tó bá fi agbára mú un, bàbà pátákó á ká kúrò nílẹ̀.

Ìkẹta ni àṣírí. Schéma tí IBM tẹ̀ fún gbogbo ayé ní 1981 di ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ń fi pamọ́. Fún kọ̀ǹpútà alágbèéká, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ya pátákó tirẹ̀, ó sì ń yí i padà lọ́dọọdún. Dépanneur dà bí ẹni tí wọ́n sọ sínú ìlú ńlá lóru, tí kò mọ orúkọ àdúgbò kankan. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí nìkan ni kò sí ìdí rere kan fún, yàtọ̀ sí owó.

Ẹ̀kọ́ méjì láti inú ìtàn tó súnmọ́ wa

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún yìí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní kíákíá. Ìdí rẹ̀ ni pé omi oníyọ̀ tó wà nínú àwọn condensateur kan kò dára. Orí wọn ń wú, wọ́n ń bú, omi ń jáde lára wọn. Àwọn tó ṣí ẹ̀rọ wọn rí i pé ojú lásán tó láti mọ àìsàn náà. Wọ́n yọ àwọn tó wú, wọ́n fi tuntun tí kò wọ́n rọ́pò, ẹ̀rọ sì jí. Àwọn tí kò ṣí i ju ẹ̀rọ ńlá nù nítorí ègé kékeré.

Èkejì yàtọ̀. Ní oṣù Keje 2008, NVIDIA kéde fún àwọn onípìn-ín rẹ̀ pé òun yóò ya dọ́là mílíọ̀nù 150 sí 200 sọ́tọ̀ nítorí àwọn puce àwòrán kan nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ìdè inú wọn kò lágbára. Tí wọ́n bá gbóná tí wọ́n tún tutù léraléra, ìdè náà á sán. Ojú ẹ̀rọ á ṣókùnkùn. Ìgbà yẹn ni àṣà kan tàn kálẹ̀: kí wọ́n yọ pátákó, kí wọ́n ki í bọ inú ààrò búrẹ́dì ilé fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ̀rọ mìíràn jí lóòótọ́! Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ronú. Ìdè tó sán wà nínú puce, kì í ṣe lábẹ́ rẹ̀. Ààrò tí wọ́n gbé sí 200°C kò lè yọ́ àdàlù tó ń yọ́ ní 217°C. Ooru kàn ń mú kí ojú méjì tó sán tún fara kan ara wọn fún ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ó tún kú. Èéfín oògùn sì ti kún ààrò tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ọmọ.

Condensateur tó wú kọ́ wa pé kí a ṣí i wò. Ààrò kọ́ wa pé jíjí kì í ṣe ìwòsàn. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ, kò tí ì tún un ṣe.

Ohun tó ṣì ṣeé ṣe nílé

Láti inú gbogbo èyí ni àwọn dépanneur ti rí ọ̀nà kan tó ṣe tààrà. Iná inú pátákó dà bí omi château d'eau: orísun kan, páìpù púpọ̀. Nǹkan bíi volt 19 ń ti inú chargeur wọlé. Ó ń gba ẹnubodè transistor kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà ó pín: volt 5 àti volt 3,3 ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ jí, kódà kí a tó tẹ bọ́tìnnì. Tí a bá tẹ̀ ẹ́, èyí tó kù á tẹ̀ lé e, títí dé ọpọlọ ẹ̀rọ náà tí kò nílò ju nǹkan bíi volt 1 lọ. Ẹni tó bá ní multimètre lè tẹ̀ lé omi náà láti ẹnubodè, kí ó sì mọ ibi tó ti dúró. Ibi tó bá dúró ni àìsàn wà.

Lọ́pọ̀ ìgbà, condensateur kékeré kan ló ti jó nínú, tó ń da gbogbo iná sílẹ̀ bí páìpù tó bẹ́. Ó ṣòro láti mọ̀ ọ́n láàárín ogún tó jọra. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni pé wọ́n á fi iná tí kò ju volt 1 lọ, tí wọ́n ti fi ààlà sí agbára rẹ̀, sí ojú ọ̀nà tó ṣàìsàn, wọ́n á sì ta alcool isopropylique sórí àwọn ègé náà. Èyí tí alcool bá kọ́kọ́ gbẹ lórí rẹ̀, òun ló ń gbóná, òun ni ọ̀daràn. Tí wọ́n bá yọ ọ́, nítorí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ẹ̀rọ sábà máa ń jí kí wọ́n tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Fún ẹni tí kò ní irin ìjó rárá, iṣẹ́ wà fún un:

- Tí omi tàbí kọfí bá dà sí i, ẹ pa á, ẹ yọ chargeur, ẹ yọ bátìrì kíákíá. Omi nìkan kọ́ ló ń pa pátákó. Iná tó bá a níbẹ̀ ló ń jẹ bàbà títí tí yóò fi yọ ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Ìrẹsì kò lè fa iyọ̀ àti ṣúgà kúrò lára rẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti alcool isopropylique fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa.
- Ní àsìkò ọyẹ́, ara wa máa ń kó iná pamọ́. Ẹ fọwọ́ kan irin ńlá kan kí ẹ tó fọwọ́ kan pátákó.
- Ẹ gbọn eruku kúrò nínú fáànù rẹ̀. Ooru ló pa àwọn puce 2008 yẹn.
- Ẹ ka volt tó wà lára chargeur kí ẹ tó yá ti ẹlòmíràn lò.
- Bátìrì tó bá wú, ẹ má gún un, ẹ má sì gbé e súnmọ́ iná.

Ẹni tó bá ń jó òjé, kó ṣí fèrèsé, kó fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó jẹun, kó má ṣe é níbi tí ọmọdé wà. Puce ńlá tó ní bọ́ọ̀lù lábẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ ooru tó sì ti fi pátákó òkú kọ́ ọwọ́. Ìyẹn kì í ṣe ìtìjú. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ la fi ń jẹ ọbẹ̀ gbígbóná.

Ibi tí a wà nínú ìtàn yìí

Ní 1989, ayé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Basel láti ṣàkóso kíkó ìdọ̀tí olóró láti ilẹ̀ kan sí ilẹ̀ mìíràn. Ní 1991, ní Bamako, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe tiwọn tó le ju ìyẹn lọ. Síbẹ̀, ẹ̀rọ àlòkù ń gba Kùtọnu àti Lomé wọlé. Àwọn kan ṣì dára, àwọn kan kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí ìdọ̀tí.

Ní Faransé, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2021, ẹni tó bá ń ta kọ̀ǹpútà alágbèéká gbọ́dọ̀ kọ máàkì kan sára rẹ̀, lórí 10, tó ń sọ bó ṣe rọrùn tó láti tún un ṣe. Ìwé àlàyé tí ilé iṣẹ́ yọ̀ǹda wà lára ohun tí wọ́n ń fún ní máàkì. Ní 2024, European Union ṣe òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ àtúnṣe. Òfin wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ra ẹ̀rọ tuntun níbẹ̀ ni wọ́n ń dáàbò bò. Àwa tí ẹ̀rọ náà máa dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ta ni yóò fún wa ní schéma?

Ẹ má rò pé ọwọ́ wa ṣófo. Ní 2013, ní Lomé, Afate Gnikou ti ẹgbẹ́ Woelab kó ègé òkú kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jọ, ó sì fi wọ́n ṣe imprimante 3D tó ń ṣiṣẹ́. Ní Kùtọnu, àwọn ọ̀dọ́ BloLab ti kó carte mère àlòkù sínú bídọ́ọ̀nù ike, wọ́n sì sọ ọ́ di kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Jerry. Iṣẹ́ àwọn baba wa náà ni: alágbẹ̀dẹ kì í da irin nù, ọkọ́ tó jẹ tán á di ọ̀bẹ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ìmọ̀ àwọn dépanneur wa, orí wọn nìkan ló wà. Ọ̀kan mọ pátákó kan bí ẹní mọ ọ̀nà oko rẹ̀, kò kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí IBM ṣe ní 1981, ìwé kan ni. Àwa náà lè ṣe é: ìwé àjákọ kan nínú ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹ̀rọ, àìsàn rẹ̀, ègé tí a yọ, volt tí a bá níbẹ̀. Yorùbá ni o, Faransé ni o, kí a ṣáà kọ ọ́.

Nítorí náà, tí wọ́n bá tún sọ fún yín pé carte mère ló kú, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan: «Ibo ni iná ti dúró?» Ẹni tó bá lè dáhùn, ẹ fún un níṣẹ́. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ gba ẹ̀rọ yín lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má sì jù ú nù.